Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ lẹ́nu iṣẹ́: àkọsílẹ̀ ètò kan fún àwọn ọ̀dọ́langba aláìní ní ìlú Chicago

Ní ọdún 2012, iye ènìyàn tí wọ́n pa ní ìlú Chicago, ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, lé ní 500. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọ̀dọ́ tí ń gbé ní àwọn àdúgbò òtòṣì ní apá gúúsù àti apá ìwọ̀-oòrùn ìlú náà. Ní ọdún yẹn kan náà ni ìjọba ìlú, lábẹ́ Rahm Emanuel tí ó jẹ́ olórí ìlú nígbà náà, gbé ètò kan kalẹ̀ tí wọ́n pè ní One Summer Plus. Ohun tí ètò náà fẹ́ ṣe kò ṣòroó ṣàlàyé: kí àwọn ọ̀dọ́langba láti àwọn ilé ẹ̀kọ́ tí ìwà ipá ti gbilẹ̀ rí iṣẹ́ tí wọn yóò gba owó lé lórí fún ọ̀sẹ̀ 8 ní àsìkò ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ, kí àgbàlagbà kan sì wà pẹ̀lú wọn tí yóò máa tọ́ wọn sọ́nà. Mo gbé ọ̀rọ̀ ètò yìí kalẹ̀ ní kíkún nítorí pé ó fi ohun kan hàn tí ọ̀pọ̀ àwa tí a fẹ́ ran ọmọ aláìní lọ́wọ́ kò tíì gbà tọkàntọkàn, èyíinì ni pé ẹnu iṣẹ́ gan-an ni irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ti lè kọ́ bí a ṣe ń bá ènìyàn gbé, bí ẹni tí yóò kọ́ ọ bá wà níbẹ̀.

Láti ilé ẹ̀kọ́ 13 ni àwọn ọmọ náà ti wá, ọjọ́ orí wọn sì bẹ̀rẹ̀ láti 14 títí dé 21. Àwọn 1,634 ni wọ́n fi orúkọ ara wọn sílẹ̀. Iye yìí yẹ ní àfiyèsí, nítorí pé a máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbàlagbà pé irú àwọn ọmọ wọ̀nyí kò fẹ́ ṣiṣẹ́. Wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́; iṣẹ́ ni wọn kò rí. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo wọn ni aláwọ̀ dúdú. Nínú 100 wọn, ó lé ní 90 tí ìdílé wọn kò lówó tó láti san owó oúnjẹ ọ̀sán ní ilé ẹ̀kọ́, tí ìjọba sì ń bá wọn san án. Nǹkan bí ẹnìkan nínú márùn-ún ni ọlọ́pàá ti mú rí, nǹkan bí ẹnìkan nínú márùn-ún sì ni wọ́n ti hùwà ipá sí rí. Bí a bá pín ọjọ́ tí wọ́n pa jẹ ní ilé ẹ̀kọ́ láàárín ọdún ẹ̀kọ́ kan dọ́gba fún gbogbo wọn, yóò tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 6 fún ọmọ kọ̀ọ̀kan.

Ẹni tí ó bá ti gbìyànjú láti wá iṣẹ́ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ yóò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń há. Ọwọ́ ojúlùmọ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń rí iṣẹ́ wọn àkọ́kọ́: ìyá sọ fún ọ̀gá rẹ̀, ẹ̀gbọ́n sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀, ẹnìkan sì fọwọ́ sọ̀yà pé òun mọ ọmọ náà dáadáa. Ọmọ tí àwọn àgbàlagbà àyíká rẹ̀ fúnra wọn kò níṣẹ́ gidi lọ́wọ́ kò ní ẹni tí yóò ṣe ẹlẹ́rìí fún un. Bí ó bá lọ bá agbanisíṣẹ́ tí kò mọ̀ ọ́n rí, onítọ̀hún yóò bi í léèrè ibi tí ó ti ṣiṣẹ́ rí, kò sì ní rí nǹkan kan sọ. Tí a bá wá fi ọjọ́ tí ó pa jẹ ní ilé ẹ̀kọ́ kún un, àti àkọsílẹ̀ ọlọ́pàá fún àwọn kan nínú wọn, a ó rí i pé kí ọmọ náà tó la ẹnu sọ̀rọ̀ ni wọ́n ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Àìmọ ìwà ibi iṣẹ́ náà wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n níbo ni yóò ti mọ̀ ọ́n?

Ààyè tí ó wà nínú ètò náà kò ju nǹkan bí 700 lọ. Kèké ni wọ́n ṣẹ́ láti mọ ẹni tí yóò wọlé, wọn kò sì mú àwọn tí èsì ìdánwò wọn dára jù tàbí àwọn tí ẹni ńlá kan mọ̀. Ẹni tí kèké mú wọlé. Ẹni tí kèké kò mú ń lo ìsinmi rẹ̀ bí ì bá ṣe lò ó tẹ́lẹ̀. Ọ̀nà yìí bá ẹ̀tọ́ mu nígbà tí ààyè kò tó gbogbo ènìyàn, ó sì tún ní àǹfààní kejì tí ó ṣe pàtàkì fún àkọsílẹ̀ yìí. Nítorí pé kèké ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀, kò sí ìyàtọ̀ kan pàtó láàárín àwọn tí ó wọlé àti àwọn tí kò wọlé kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, nítorí náà bí ìyàtọ̀ bá wá hàn lẹ́yìn náà, a lè sọ pé ètò náà ni ó fà á. Àwọn olùwádìí Yunifásítì Chicago ni wọ́n bá ìjọba ìlú ṣiṣẹ́ lórí apá yìí, Sara Heller ni ó sì kọ èsì rẹ̀ sínú ìwé ìròyìn Science ní oṣù Kejìlá ọdún 2014. Ọ̀pọ̀ ètò ìrànlọ́wọ́ fún ọ̀dọ́ ni kò ní irú ẹ̀rí báyìí. Fọ́tò ọjọ́ ìparí àti ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ ọmọ méjì tàbí mẹ́ta ni wọ́n fi ń ṣe ẹ̀rí, bẹ́ẹ̀ ọmọ tí ó dúpẹ́ lọ́jọ́ náà lè jẹ́ ẹni tí ì bá ṣe dáadáa bí ètò náà kò tilẹ̀ sí.

Iṣẹ́ tí wọ́n fún wọn kì í ṣe iṣẹ́ ńlá. Àwọn kan ń bójú tó àwọn ọmọdé ní ibùdó eré ìgbà ìsinmi, àwọn kan ń ṣiṣẹ́ nínú ọgbà àdúgbò, àwọn mìíràn sì jẹ́ olùrànlọ́wọ́ ní ọ́fíìsì aṣojú àdúgbò nínú ìgbìmọ̀ ìlú. Àwọn ẹgbẹ́ aláàánú àti ẹ̀ka ìjọba ni wọ́n gbà wọ́n síṣẹ́. Wákàtí 25 ni wọ́n ń gba owó lé lórí lọ́sẹ̀. Owó wákàtí kọ̀ọ̀kan jẹ́ dọ́là 8 àti sẹ́ǹtì 25, èyí tí ó kéré jù lọ tí òfin ìpínlẹ̀ Illinois fọwọ́ sí nígbà náà. Ọmọ tí kò bá pa wákàtí kankan jẹ láàárín ọ̀sẹ̀ 8 náà yóò gba dọ́là 1,650. Wọ́n tún ń fún wọn ní oúnjẹ ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ àti ìwé ìwọkọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí oúnjẹ àti ìwé ìwọkọ̀ yẹn, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ètò tí ó ní èrò rere ti ń wó. Owó iṣẹ́ kì í wọlé lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ọmọ tí kò ní owó ọkọ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí ó ṣáájú ọjọ́ ìsanwó yóò pa iṣẹ́ jẹ, a ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò ní ìfẹ́ sí iṣẹ́. Ní ìlú tí ó tóbi bí Chicago, ibi iṣẹ́ lè jìnnà sí ilé, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àdúgbò kan wà tí ọ̀dọ́ kò lè fi ẹsẹ̀ rìn kọjá láìfòyà. Ẹni tí ó ṣètò ọkọ̀ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ti mú ìdí kan kúrò nínú àwọn ìdí tí ó fi lè kùnà, kì í sì í ṣe ìwà ọmọ náà ni ó fa ìdí ọ̀hún. Ó dùn mọ́ mi pé àwọn tí ó ṣe ètò yìí rò ó dé ibẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí èyí wà lára ohun tí ó fi jẹ́ pé, nínú àwọn tí wọ́n pè, nǹkan bí mẹ́ta nínú mẹ́rin ni ó kópa, tí nǹkan bí mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá àwọn tí ó kópa sì ṣe é dé òpin.

Síbẹ̀, apá tí mo gbà pé ó jẹ́ ọkàn ètò náà ni àwọn olùtọ́sọ́nà. Fún nǹkan bí ọmọ 10, wọ́n yan àgbàlagbà kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti kọ́ wọn bí a ṣe ń jẹ́ òṣìṣẹ́ tí ó ṣeé gbára lé, kí ó sì bá wọn yanjú ohun tí ó lè dí wọn lọ́wọ́: ọ̀rọ̀ ọkọ̀, ojúṣe nílé, èdèkòyédè pẹ̀lú ọ̀gá ibi iṣẹ́. Ẹ wo èyí tí ó kẹ́yìn yẹn dáadáa. Bí ọ̀gá bá sọ̀rọ̀ líle sí ọmọ tí ó ti gbé ìgbà èwe rẹ̀ ní ibi tí ẹni tí kò bá fèsì ìwọ̀sí lójú ẹsẹ̀ ti ń di ẹni tí wọ́n ń fojú tín-ín-rín, ohun tí ayé ti kọ́ ọ ni kí ó fèsì, kí ó sì fèsì kíkan. Lójú pópó, èyí lè dáàbò bò ó. Ní ibi iṣẹ́, yóò lé e kúrò níbẹ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Ìwàásù nínú kíláàsì kò lè tú irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ palẹ̀, nítorí pé kò sí ẹni tí ó bú u níbẹ̀, ara rẹ̀ balẹ̀, ó sì mọ ìdáhùn tí olùkọ́ fẹ́ gbọ́. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ náà bá ṣẹlẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ní òwúrọ̀, tí àgbàlagbà kan tí ó fọkàn tán sì pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lọ́sàn-án ọjọ́ náà, tí wọ́n jọ yẹ ohun tí ọ̀gá sọ wò, ohun tí ó ṣeé ṣe kí ó ní lọ́kàn, àti ohun tí ọmọ náà lè lọ sọ fún un lọ́la, nígbà náà ni ẹ̀kọ́ náà tó rí ibi tí yóò dì mọ́. Owó tí ó fẹ́ gbà ní ìparí ọ̀sẹ̀ sì fún un ní ìdí láti padà síbẹ̀ lọ́jọ́ kejì.

Àwọn olùṣètò náà tún fẹ́ mọ̀ bóyá iṣẹ́ nìkan tó, tàbí ó yẹ kí a fi ẹ̀kọ́ kún un. Nítorí náà wọ́n pín àwọn tí kèké mú sí ọ̀nà méjì. Àwọn ìsọ̀rí kìíní ń ṣiṣẹ́ fún wákàtí 25 lọ́sẹ̀. Àwọn ìsọ̀rí kejì ń ṣiṣẹ́ fún wákàtí 15, wọ́n sì ń lo wákàtí 10 tí ó kù fún ẹ̀kọ́ nípa bí ènìyàn ṣe lè mọ ohun tí ń lọ nínú ọkàn rẹ̀, bí ó ṣe lè dá èrò tí ń ru ìbínú sókè mọ̀, àti bí ó ṣe lè kó ara rẹ̀ níjàánu. Owó wákàtí 25 náà ni wọ́n san fún wọn, ẹ̀kọ́ náà sì di apá kan iṣẹ́. Ìsọ̀rí méjèèjì ni ó ní olùtọ́sọ́nà.

Àkọsílẹ̀ ọlọ́pàá àti ti ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n fi tẹ̀lé gbogbo wọn lẹ́yìn náà. Láàárín oṣù 16, iye ìgbà tí wọ́n mú àwọn tí ó kópa nítorí ìwà ipá fi ìdá 43 nínú 100 dín sí ti àwọn ẹgbẹ́ wọn tí kèké kò mú. Lọ́nà mìíràn, fún 100 ọmọ tí ó kópa, nǹkan bí ìgbà mẹ́rin ni irú mímú bẹ́ẹ̀ fi dín kù. Ó lè dà bí ohun kékeré létí, ṣùgbọ́n ìwà ipá kọ̀ọ̀kan ní ẹni tí wọ́n hù ú sí, ẹni náà sì ní ìdílé.

A ní òwe kan tí ó sọ pé ọwọ́ tí ó bá dilẹ̀ ni èṣù ń bẹ̀ níṣẹ́, ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò sì fẹ́ fi òwe yìí ṣàlàyé èsì náà: iṣẹ́ ni ó gbà wọ́n lọ́wọ́, wọn kò ráyè jà. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ ni, àsìkò iṣẹ́ gan-an ni ìyàtọ̀ ì bá ti pọ̀ jù, tí ì bá sì parẹ́ nígbà tí iṣẹ́ parí. Ẹ̀yìn tí ọ̀sẹ̀ 8 náà ti kọjá, tí àwọn ọmọ ti padà sí ilé ẹ̀kọ́ àti sí àdúgbò wọn, ni púpọ̀ nínú ìyàtọ̀ náà hàn. Ohun tí wọ́n mú kúrò lẹ́nu iṣẹ́ bá wọn dé ilé. Ìsọ̀rí tí ó gba ẹ̀kọ́ ìkóra-ẹni-níjàánu àti ìsọ̀rí tí ó ṣe iṣẹ́ nìkan kò sì yàtọ̀ sí ara wọn ní ọ̀nà tí ó ṣe pàtàkì. Bí mo ṣe lóye rẹ̀ ni pé iṣẹ́ tí ó ní olùtọ́sọ́nà ti ń kọ́ wọn ní ohun kan náà tí kíláàsì fẹ́ kọ́ wọn. Mo mọ̀ pé ìdánwò náà kò ya owó, iṣẹ́ àti olùtọ́sọ́nà sọ́tọ̀ kúrò lára ara wọn, nítorí pé gbogbo àwọn tí ó kópa ni wọ́n rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbà. Síbẹ̀ irú ìwà tí ó yí padà jẹ́ ẹ̀rí fún mi. Mímú nítorí olè jíjà tàbí oògùn olóró kò dín kù. Èsì ilé ẹ̀kọ́ àti wíwá sí kíláàsì kò sunwọ̀n sí i. Ìwà ipá nìkan ni ó dín, ìwà ipá láàárín ọ̀dọ́ sì sábà máa ń ti inú ìbínú ojú ẹsẹ̀ wá, láti inú ọ̀rọ̀ tí ẹnìkan sọ tí ẹnìkejì kò lè gbé mì. Àtilè gbé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ mì, kí a sì wá ọ̀nà mìíràn láti dáhùn rẹ̀, ni ẹ̀kọ́ tí ẹnu iṣẹ́ ń kọ́ ènìyàn lójoojúmọ́.

Ọ̀rọ̀ owó kò gùn. Nǹkan bí dọ́là 3,000 ni ètò náà ná lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan, nǹkan bí ìdajì rẹ̀ ni ó sì lọ fún owó iṣẹ́ ọmọ náà fúnra rẹ̀. Ìdajì kejì, tí owó àwọn olùtọ́sọ́nà wà nínú rẹ̀, ni àwọn tí ń ṣírò owó máa ń kọ́kọ́ fẹ́ gé. Èmi kò ní gé e.

Ibi tí ó yẹ kí a fọkàn balẹ̀ gbọ́ òtítọ́ tí kò dùn ni ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọjọ́ iwájú. Ní ọdún 2013, wọ́n tún ètò náà ṣe fún àwọn ọkùnrin nìkan, tí ọjọ́ orí wọn jẹ́ 16 sí 22, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ti ní ọ̀rọ̀ pẹ̀lú ilé ẹjọ́ rí. Jonathan Davis àti Sara Heller fi ìgbà méjèèjì wé ara wọn nínú ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2020. Ìwà ipá tún dín kù bíi ti tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n wo àkọsílẹ̀ owó iṣẹ́ tí ó wà lọ́dọ̀ ìjọba, àwọn tí ó kópa kò rí iṣẹ́ ju àwọn tí kò kópa lọ ní àwọn ọdún tí ó tẹ̀lé e. Mímú nítorí ohun ìní ẹlòmíràn tilẹ̀ fẹ́ láti pọ̀ sí i díẹ̀ nígbà tí ó yá. Àwọn kan wà láàárín wọn tí iṣẹ́ wọn pọ̀ sí i lóòótọ́: àwọn tí ó kéré lọ́jọ́ orí, tí wọ́n ṣì ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ déédéé, tí ọlọ́pàá kò tíì mú rí. Àwọn tí ọ̀nà wọn ti jìn sí ilé ẹ̀kọ́, tí a sábà máa ń fẹ́ fi irú ètò yìí ràn lọ́wọ́ jù lọ, kò rí àǹfààní yẹn, síbẹ̀ ìwà ipá dín lọ́dọ̀ wọn náà.

Èsì yìí bá ti ìlú New York mu. Kèké ni wọ́n fi ń yan àwọn tí yóò wọ ètò iṣẹ́ ìgbà ooru níbẹ̀ pẹ̀lú, àwọn olùwádìí sì tẹ̀lé àwọn tí ó fi orúkọ sílẹ̀ láàárín ọdún 2005 sí 2008, tí iye ìforúkọsílẹ̀ wọn sún mọ́ 300,000. Owó tí àwọn tí ó wọlé ń rí lẹ́yìn ètò náà kò pọ̀ ju ti àwọn yòókù lọ, ṣùgbọ́n àwọn tí ó dèrò ẹ̀wọ̀n nínú wọn kéré, àwọn tí ó kú sì kéré pẹ̀lú.

Àwọn kan ti fi èyí ṣe ìdí láti sọ pé ètò iṣẹ́ àkọ́kọ́ kò wúlò. Mi ò gbà pẹ̀lú wọn. Ọmọ tí kò pa ènìyàn, tí ẹnikẹ́ni kò sì pa, ṣì ní gbogbo ọdún tí ó kù láti wá iṣẹ́. Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ó yẹ kí ẹni tí ó fẹ́ dá irú ètò bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ mọ ohun tí ó ń wá kí ó tó yan àwọn ọmọ. Bí ó bá ń fẹ́ kí wọ́n rí iṣẹ́ lẹ́yìn ọ̀la, ọ̀sẹ̀ 8 kò tó fún àwọn tí nǹkan ti dojú rú fún jù. Wọn yóò nílò ìtọ́sọ́nà tí ó gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ, àti ẹni tí yóò mú wọn dé ọ̀dọ̀ agbanisíṣẹ́ kejì. Kí ó má ṣe ṣèlérí iṣẹ́ ayérayé fún wọn ní ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀, nítorí pé wọ́n ti gbọ́ ìlérí púpọ̀.

Lórí ọ̀rọ̀ agbanisíṣẹ́ kejì yìí, ohun kan wà tí wọ́n tún dán wò ní New York ní ọdún 2016 àti 2017, láàárín àwọn ọ̀dọ́ tí ó lé ní 43,000 tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ ìgbà ooru. Wọ́n ṣẹ́ kèké láti yan àwọn kan nínú wọn, wọ́n sì ní kí àwọn ọ̀gá tí wọ́n bá ṣiṣẹ́ dáhùn ìbéèrè díẹ̀ nípa wọn lórí kọ̀ǹpútà: ṣé ó máa ń dé lásìkò, ṣé ó ń tẹ́tí sí ìtọ́ni, ṣé ó mọ bí a ṣe ń bá ẹlòmíràn ṣiṣẹ́. Ìdáhùn náà ni ẹ̀rọ kọ di lẹ́tà ìjẹ́rìí, wọ́n sì fi lẹ́tà náà ránṣẹ́ sí nǹkan bí 9,000 ọ̀dọ́. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, iye àwọn tí ó rí iṣẹ́ láàárín àwọn tí wọ́n fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí fi nǹkan bí ẹni mẹ́ta nínú 100 ju ti àwọn tí kò gba lẹ́tà lọ. Ọmọ tí kò ní ojúlùmọ̀ tí yóò fọwọ́ sọ̀yà fún un ti wá ní ìwé tí ọ̀gá kan kọ nípa rẹ̀, tí ó lè fi han ẹlòmíràn. Níbikíbi tí a bá ti gba ọ̀dọ́langba síṣẹ́ ní àsìkò ìsinmi, ó yẹ kí a ti ṣètò ìwé yìí kí ọjọ́ ìparí iṣẹ́ tó dé, kí a kọ iṣẹ́ tí ó ṣe gan-an àti ìwà tí a rí lọ́wọ́ rẹ̀ sínú rẹ̀, kí a sì fi nọ́ńbà ẹni tí ó ṣe tán láti jẹ́rìí sí i síbẹ̀.